Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Orin Ibojì Mímọ́ fún Ẹgbẹ́ Onífèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń fọn clarinet nínú ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ wa n'Íbàdàn. Nígbà tí mo lọ sí Jerúsálẹ́mù, mo gbọ́ orin àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì Gíríìkì nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, mo sì gbà á sórí fóònù. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ wa. Ẹnì kan ní kí n san owó, pé kọ̀ǹpútà yóò yọ nótì rẹ̀, òun yóò sì fi kíọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún pọ̀, sí i, torí pé orin náà kò pé. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Irọ́ ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé àwọn tí ń gbowó lórí rẹ̀ kì í gbọ́ orin náà tán kí wọ́n tó pè é ní aláìpé.

Orin ìjọsìn àwọn Gíríìkì kì í ṣe olóhùn mẹ́rin bíi ti ìwé orin wa. Ohùn kan ni olórí akọrin ń gbé, àwọn elégbè á sì di ohùn ìsàlẹ̀ kan mú pẹ́ títí, èyí tí wọ́n ń pè ní ison. Òun ló ń jẹ́ kí etí mọ ibi tí orin ti gbéra àti ibi tí yóò padà sí. Bí ẹ bá wá ki kíọ́ọ̀dù mẹ́ta tí gbogbo wa mọ̀ bọ abẹ́ rẹ̀, tí ẹ ń pààrọ̀ wọn lemọ́lemọ́, ìpìlẹ̀ orin náà ti wó nìyẹn. Kọ̀ǹpútà gan-an yóò ṣì yín lọ́nà, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn ohùn náà bọ́ sí àárín kíì dùùrù méjì, akọrin kò sì ka ìlù bí ẹni tí ń yan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ Percy Grainger, ẹnì kan tó ń ṣẹ̀dá orin. Ó gba orin lẹ́nu àwọn ará Lincolnshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1905 àti 1906. Nígbà tí ó kó díẹ̀ nínú wọn jọ fún ẹgbẹ́ onífèrè ní 1937, kò fi tipátipá tò wọ́n sínú ìlù kan náà; ibì kan wà tí olùdarí fúnra rẹ̀ ni yóò máa pinnu bí nótì kọ̀ọ̀kan yóò ti gùn tó.

Inú ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ orin náà títí ẹ ó fi lè kọ ọ́ láìgbé fóònù sétí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ «Kyrie eleison», ìyẹn «Olúwa, ṣàánú», kí ahọ́n kan fèrè níbi tí sílébù tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìkan. Nótì mélòó kan tí sílébù kan bá gbé, ẹ so gbogbo wọn pọ̀ sínú èémí kan. Ẹni tó bá fi ahọ́n kan gbogbo nótì yóò sọ ọ́ di orin ìyan. Euphonium, ìyẹn fèrè idẹ tó dà bíi tuba kékeré, tàbí clarinet yín níbi tí ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ni kó gbé orin, kì í ṣe trumpet. Ẹ fún tuba àti àwọn fèrè ìsàlẹ̀ yòókù ní ison, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé wọn kò gbọdọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ohùn àárín kíì, trombone lè rí wọn mú. Ẹ má fipá mú àwọn fèrè tó kù láti wá wọn.

Ní ti ìrìn àjò yín, ẹ má wá ìlù aṣálẹ̀ kún un. Ìjọ mélòó kan ló ń pín ilé yẹn lò. Àwọn Gíríìkì kì í lo ohun èlò orin nínú ìsìn wọn, àwọn Fransíísì, ìyẹn ẹgbẹ́ Kátólíìkì kan, sì ní dùùrù níbẹ̀. Bí agogo tàbí dùùrù bá ń dún lókèèrè nínú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀, ẹ mú fèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n máa fọn nǹkan mìíràn ní ohùn mìíràn nígbà tí ison ń lọ nínú ilé. Ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni tó bá ti débẹ̀ yóò mọ ibi tí ẹ ń sọ.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Orin lè ti gbó kí ó má ní olówó, àmọ́ ohùn akọrin inú fóònù yín ní ẹni tó ni ín, àwọn orin kan níbẹ̀ sì lè jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ wọ́n. Ẹ má gbé ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, kí ẹ sì bá àlùfáà ìjọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọn ọ́ nínú ìsìn.