Wọ́n ní kí n ṣí orí kí n tó lè ṣiṣẹ́ nínú bàálù

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọmọ Òkè-Lérè ni mí, níbí ní Ìlọrin. Mo jáde ilé-ìwé gíga lọ́dún tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ bàálù kan ní Èkó ti pè mí sí iṣẹ́ air hostess, wọ́n sì ti fi ìwé ìlànà ìmúra wọn ránṣẹ́: síkẹ́ẹ̀tì tó mọ sí orúnkún, irun tí wọ́n dì sẹ́yìn tí gbogbo ayé ń rí, ètè pípọ́n, èékánná kíkùn, ìbòrí kò sí níbẹ̀ rárá. Bàbá mi ní ohun tí Àáfà bá sọ lòun máa tẹ̀ lé. Àǹtí mi tó wà ní London ní àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ti ń yí òfin aṣọ wọn padà, pé ti ilẹ̀ wa náà á yí tó bá yá, kí n ṣáà gba iṣẹ́ náà ná. Ọ̀rẹ́ mi kan ní dàrúrà ni, ìyẹn ìnira tó ń mú kí ẹ̀sìn gba èèyàn láyè láti ṣe ohun tó jẹ́ èèwọ̀, kí n máa ṣí orí nínú bàálù, kí n máa bò ó tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀. Kí lẹ rí sí i, sà?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāh. Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú níbẹ̀ ni pé o béèrè kí o tó wọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé irú èyí wá bá wa, wọ́n á ti gba owó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rántí pé Àáfà wà ládùúgbò.

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àǹtí rẹ ṣáájú, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀, òótọ́ náà sì jìn ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Aṣọ àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù kò fìgbà kan dúró sójú kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, Ellen Church, nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá nígbà náà, kò sì gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 25 lọ, kò gbọdọ̀ lọ́kọ, kò gbọdọ̀ wúwo ju nǹkan bíi kílò 52 lọ. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ bo ara dáadáa, pẹ̀lú fìlà àti ẹ̀wù ìlékè. Ó di 1965, ilé-iṣẹ́ Braniff gbé aṣọ wọn fún ará Ítálì kan, Emilio Pucci, ó sì ṣe èyí tí òṣìṣẹ́ á máa bọ́ ní ìpele ìpele bí ìrìn-àjò bá ṣe ń lọ. Wọ́n tún fi ìyẹn ṣe ìpolówó, wọn ò tijú. Ní 1971, Southwest bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Texas, ṣòkòtò péńpé tí gbogbo itan wà níta ni wọ́n gbé fún àwọn ọmọbìnrin wọn. Ẹni tó bá wọ irú rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ ní 1930, ilé ni wọ́n á dá a padà sí. Ní 1971, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ ni kò níṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ̀yìn dà. Ní 2016 ni àwọn obìnrin kan ní British Airways ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ̀tọ́ ṣòkòtò gbà. Ní 2019, Virgin Atlantic ní kò pọn dandan mọ́ kí obìnrin kun ojú kó tó wọ bàálù. Ní 2023, British Airways gbé aṣọ tuntun jáde, Ozwald Boateng tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ghana ló ṣe é, ìbòrí hìjáàbù àti ẹ̀wù gígùn sì wà lára rẹ̀. Èyí ni àǹtí rẹ rí.

Ṣùgbọ́n má tíì pàtẹ́wọ́. Virgin Atlantic yìí kan náà ló ní ní 2022 pé kí òṣìṣẹ́ tó fín ara máa fi fínfín náà hàn, kí ọkùnrin tó bá wù láti wọ síkẹ́ẹ̀tì sì wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀gá kan níbẹ̀ ka Sūratu n-Nūr lóru ọjọ́ kan tí omijé bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ráhùn, ẹgbẹ́ wọn ló jà, ilé-iṣẹ́ náà sì ń wá òṣìṣẹ́ àti oníbàárà. N kò ní kí o má jẹ níbi tí ire bá ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí o bá so ìbòrí rẹ mọ́ afẹ́fẹ́ yẹn, ọjọ́ tó bá yíjú síbòmíràn ńkọ́?

Ní ti “á yí tó bá yá”, ta ló bá ọ dá ọjọ́? EgyptAir ti wà láti 1932, ní ilẹ̀ Íjíbítì, níbi tí Al-Azhar wà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn àáfà Ìlọrin ti lọ jókòó gba ìmọ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n tó gbà kí obìnrin bo orí nínú bàálù wọn. Ọgọ́rin ọdún gbáko. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti di arúgbó kó tó rí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Dàrúrà tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni ti ẹni tí ebi fẹ́ pa kú, tí kò rí nǹkan kan jẹ àfi òkúǹbete. Ìwọ tí bàbá rẹ wà láyé, tí o ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, tí ara rẹ le, o kò tíì dé ibẹ̀. Mi ò sọ pé ìyà ò sí o. Mo ń lọ sí Ọjà Ọba bíi gbogbo èèyàn, mo mọ iye tí wọ́n ń ta garí. Ṣùgbọ́n àìrí iṣẹ́ tó wuni yàtọ̀ sí kí ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Ọlọ́hun sọ nínú Sūratu n-Nūr, āyà 31, pé kí àwọn onígbàgbọ́ lóbìnrin fi ìbòrí wọn bo igbá àyà wọn, kí wọ́n má fi ọ̀ṣọ́ wọn hàn àfi èyí tó bá hàn fúnra rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Ìmáámù Mālik tí àwọn bàbá wa ní Ìlọrin ń tọ̀, ojú àti ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́ nìkan ni obìnrin lè ṣí sílẹ̀ níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe èèwọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti yọ òkè òfúrufú sílẹ̀. Ṣíṣí nínú bàálù, bíbò nílẹ̀, àwọn èrò tó wà lókè yẹn, ṣé àjèjì kọ́ ni wọ́n ni?

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi fìlà tàn ọ́. Ìmúra Emirates, fìlà pupa pẹ̀lú aṣọ funfun tó rọ̀ wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ojú, ó dára lójú, ṣùgbọ́n irun wà níta, ọrùn wà níta. Ọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìbòrí tí à ń wí bo irun, etí àti ọrùn. Bí wọ́n bá fún ọ ní ṣòkòtò tó fẹ̀, tí ẹ̀wù gígùn bò ó dé orúnkún, tí kò fi ìrísí ara hàn, mo fara mọ́ ọn. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara bí awọ ìlù, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó wọṣọ síbẹ̀ tí wọ́n wà níhòòhò, Ìmáámù Muslim gbà á wá nínú ìwé hádíìsì rẹ̀.

Èékánná kíkùn tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí àlùwàlá ló kàn. Lààlì tí àwọn ìyá wa ń lé, àwọ̀ lásán ni, omi á kan èékánná. Kútẹ́ẹ̀sì ní ara. Bí o bá fi abẹ́ gé e, wàá rí i tó ń ṣí kúrò bí èèpo. Omi ò lè gba ìdí rẹ̀ kọjá. Òṣìṣẹ́ tó kùn ún ní Àsùbáà, tí wọn ò gbà á láyè láti nù ún títí ilẹ̀ fi ṣú, báwo ló ṣe fẹ́ kírun Àyìlà? Irun tí wọ́n ń so mọ́ irun kí ó lè ṣe é dì sẹ́yìn rọ́bọ́tọ́ náà ńkọ́? Ó wà nínú Muwatta, ìwé hádíìsì Ìmáámù Mālik, pé Muāwiyah, olórí àwọn Mùsùlùmí nígbà náà, dúró lórí mińbárì lọ́dún tó lọ sí Hajj, ó mú ìdì irun kan dání tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ará Mẹ̀dínà, àwọn onímọ̀ yín dà?” Ó ní òun gbọ́ tí Ànábì kọ irú nǹkan báyìí, pé ìgbà tí àwọn obìnrin Banū Isrāīl mú un lò ni wọ́n parun.

Kí n sì tó dá ilé-iṣẹ́ bàálù lẹ́jọ́ tán, kí n bojú wẹ̀yìn wo ilé. Ẹ lọ síbi Wólímátù ní Ìlọrin lọ́jọ́ Àìkú èyíkéyìí. Ọmọ tó fẹ́ ka Al-Kùráánì níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n á ti kùn ún débi pé ìyá rẹ̀ á wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá a mọ̀, irun ojú àlẹ̀mọ́ á máa fẹ́ atẹ́gùn sí ìwé. Àwa àáfà á jókòó síbẹ̀, a ó gba ọrẹ, a ò ní wí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo lọ sí Hajj, ọmọbìnrin kan wà nínú bàálù wa, ọmọ dáadáa, tó ń fún àwọn ìyá àgbà ní omi, tó ń bá wọn de bẹ́líìtì torí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dé orúnkún. Ìyá kan láti Pàkátà tọ́ ọ lápá, ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ò rán aṣọ yìí tán kí wọ́n tó gbé e fún ọ. Gba ẹ̀kún rẹ̀.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbà á, ó ró o lé síkẹ́ẹ̀tì náà, ó ń ró o kiri títí ọ̀gá rẹ̀ fi dé láti iwájú tó ní kó bọ́ ọ. Bó ṣe ká aṣọ náà, tó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún ìyá, tó kúnlẹ̀ láàárín àga méjì tí kò gba èèyàn, n kò gbàgbé rẹ̀.

Ní báyìí, ohun tí o kò béèrè. Ọmọ mi, aṣọ kọ́ ló wúwo jù nínú iṣẹ́ yìí, àwo tí wọ́n á gbé lé ọ lọ́wọ́ ni. Láti Ìlọrin sí Èkó, tí kò pé wákàtí kan, bí wọ́n bá pín nǹkan, omi, júùsì àti ìpápánu ni mo ti rí. Bí wọ́n bá gbé ọ sí ìrìn-àjò òkè òkun, ọtí lò ń gbé fún èèyàn. Nínú hádíìsì Anas tí Tirmidhī gbà wá, èèyàn mẹ́wàá ni Ànábì ṣẹ́bi lé lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Ẹni tó gbé e wà níbẹ̀, ẹni tó bu fún èèyàn mu wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní hìjáàbù tó bò ọ́ dé orúnkún, tí ìgò wáìnì wà lọ́wọ́ rẹ, kí la ṣe? Ó sì tún ku sísùn sí ìlú òkèèrè láìsí ìbátan kankan lọ́dọ̀ rẹ. Àwọn onímọ̀ ojú ọ̀nà Mālik gbà kí obìnrin bá ẹgbẹ́ tó ṣeé fọkàn tán rìn, ṣùgbọ́n Hajj ọ̀ranyàn ni wọ́n sọ ọ́ sí. N kò rí ọ̀nà tó fẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ owó.

Ìrun rọrùn ju bí o ṣe rò lọ. Ìrìn-àjò tó bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 80, o lè gé ìrun onírakà mẹ́rin sí méjì. Bí àkókò bá fẹ́ lọ tí ẹ ṣì wà lókè, tí o kò ráyè dúró, jókòó kí o kí i.

Nítorí náà, má gba iṣẹ́ náà bí ìwé wọn ṣe wà yìí. Ṣùgbọ́n má kàn dákẹ́ kí o fi í sílẹ̀. Kọ̀wé sí wọn. Òfin tó ti lọ láti ẹ̀wù gígùn dé ṣòkòtò péńpé tó sì tún padà kì í ṣe òkúta. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀sìn rẹ. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní June 17, 2022, lórí hìjáàbù, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba ní Èkó ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ aládàáni, má lọ fi halẹ̀ mọ́ wọn; o kàn lè mẹ́nu bà á. Má sì gbàgbé ọmọbìnrin tó jáde ní Yunifásítì Ìlọrin níbí, tí wọn ò gbà wọlé síbi ìbúra àwọn lọ́yà ní December 2017 torí hìjáàbù. Kò ṣí i. Ní July 2018, wọ́n pè é wọlé pẹ̀lú hìjáàbù lórí.

Nínú ìwé rẹ, má kọ́kọ́ wàásù fún wọn. Ọ̀rọ̀ ààbò ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa sá sí. Kí wọ́n tó fún bàálù tuntun láṣẹ, wọ́n ń dán an wò bóyá gbogbo èrò lè gba ìdajì àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 90. Nínú irú ìsáré bẹ́ẹ̀, aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè há, náílọ́ọ̀nù sì ń yọ́ mọ́ ara bí iná bá mú un. Sọ fún wọn pé ìbòrí òwú ni wàá lò, ní àwọ̀ aṣọ wọn, tí etí rẹ̀ wọ inú kọ́là, tí kò ní abẹ́rẹ́ gígùn. Kí o sì béèrè láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kí wọ́n fi ọ́ sí ìrìn-àjò abẹ́lé tí kò ní ọtí tí kò sì ní sísùn lóde.

Bí wọ́n bá kọ̀, pápákọ̀ òfurufú kò tán sínú bàálù. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù àti tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé-ẹ̀kọ́ òfurufú wà ní Ìlọrin níbí, ọ̀kan sì wà ní Zaria láti 1964, tí wọ́n ń kọ́ni ní wíwa bàálù, títún un ṣe àti dídarí rẹ̀ láti ilẹ̀.

Kọ ìwé náà lọ́sẹ̀ yìí, fi ọjọ́ sí i, fi ẹ̀dà kan pa mọ́. Kí bàbá rẹ kà á kó tó lọ. Èsì tó bá dé, mú un wá lẹ́yìn Alásàrì kí n rí i. Allāhu ló mọ̀ jùlọ.