Kì í ṣe build rogue yín ló ń pa yín

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la jọ ń ṣe World of Warcraft, géèmù ìjà orí kọ̀ǹpútà, nínú ilé kan ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Èmi ni olórí ikọ̀, hunter, akọni ọdẹ, ni mò ń lò. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni boss kan, ọ̀gá ọ̀tá nínú géèmù náà, pa gbogbo wa. Rogue wa, akọni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ jà, kọ̀, kò lo build (bí wọ́n ṣe ń to agbára akọni jọ) tó wà lókè àtẹ tó ń to build láti orí èyí tó lágbára jù. Ó ní òmìnira òun ni, owó òun lòun fi ra dátà. Ẹnì kan ní kámpọ́ọ̀sì ti ta àtẹ tó péye fún wa ní ₦3,000. Báwo la ṣe máa yọ rogue yìí láì ba ọ̀rẹ́ jẹ́? Mo fi fídíò ìjà mẹ́ta ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò, ìwọ ni ẹni kẹrin tó bi mí ní irú ìbéèrè yìí láàárín oṣù kan, gbogbo yín lẹ sì ti dá ẹjọ́ tán kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló ń pa àwọn. Bí ẹ ṣe máa lé èèyàn jáde lẹ ń bi mí.

Mo wo fídíò rẹ. Boss yẹn ní ọfọ̀ kan tó máa ń pè, ẹ sì gbọ́dọ̀ gé e mọ́ ọn lẹ́nu kó tó pè é tán. Rogue ní Kick tó fi ń gé e. Warrior tó jẹ́ tank yín, ẹni tó ń dúró gba ìyà lọ́wọ́ boss fún yín, ní Pummel. Ìwọ hunter ní Counter Shot. Àmọ́ tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, kò tún ṣeé tẹ̀ lójú ẹsẹ̀: Kick àti Pummel á sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 15, tìrẹ á sinmi fún 24. Nígbà tí boss kọ́kọ́ la ẹnu, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ tiyín pa pọ̀. Ọ̀kan gé ọfọ̀, méjì ṣòfò. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí i, boss tún la ẹnu, ọwọ́ gbogbo yín ti ṣófo. Mage yín, akọni onídán, tó yẹ kó gbà yín ò tẹ nǹkan kan. Healer tó ń wò yín sàn sáré títí, ó kú, ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e. Nínú fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ni. Build wo ló máa wo ìyẹn sàn?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àtẹ yìí, torí òun gan-an ló ń bí mi nínú. Níbo lẹ rò pé wọ́n ti ń rí i? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti inú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ SimulationCraft. Ọ̀fẹ́ ni. Ètò yìí á mú akọni kan, á fi í ja ọ̀tá tí kì í kúrò lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún un jà ní àìmọye ìgbà, á wá ṣírò iye ìyà tó fi jẹ ọ̀tá. Patchwerk ni wọ́n ń pe irú ìjà bẹ́ẹ̀, orúkọ boss kan ní Naxxramas, ibi ìjà kan nínú géèmù náà, tó máa ń dúró gbagidi tí yóò máa lu èèyàn. Nínú ìjà yẹn, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í ṣì. Kò sẹ́ni tó ń sá fún iná tó ń jó nílẹ̀. Kò sí ọfọ̀ tó ń dúró de Kick. NEPA kì í múná lọ, èèyàn márùn-ún kì í sì í fa dátà lára hotspot kan ṣoṣo. Ṣé ìjà tiyín ni ìyẹn?

Rogue yín ti mọ Subtlety, ọ̀kan nínú ọ̀nà ìjà rogue, lámọ̀dunjú, ó hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fipá mú un lọ sí Assassination, ọ̀nà ìjà rogue míì, lálẹ́ Sátidé torí pé àtẹ fi í ṣe èkíní, ìyà tó máa fi jẹ boss á kéré sí ti tẹ́lẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Kó tó mọ́ ọn, Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, lè ti yí ìṣirò padà, kí àtẹ náà ti dojú rú. N ò sọ pé àtẹ ò wúlò o. Àwọn tó ń lọ raid Mythic, ìjà àjọjà tó le jù lọ, èèyàn 20 nínú ikọ̀ kan, tí wọ́n ti mọ ìjà náà láìwojú ìwé, wọ́n nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ò tíì débẹ̀.

Ti ₦3,000 yẹn, owó ti lọ nìyẹn. Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n tà fún yín. N ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ṣùgbọ́n tó bá tún ní kí ẹ kó password yín wá kí òun bá yín gun ìpele, ẹ má kó o fún un. Òfin géèmù náà ò fàyè gba kí ẹlòmíì máa lo àkáǹtì yín. Tí wọ́n bá tì í pa, ẹ má sọ pé n ò sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n rogue yín náà jẹ̀bi nǹkan kan, ìwọ ò sì rí i torí pé build lo gbájú mọ́. Nínú fídíò kejì, healer jókòó, ó ń mu omi kí mana rẹ̀, agbára tó fi ń wò yín sàn, lè kún. Kò tíì tó ìdajì. Rogue ti wọlé lọ bá boss. Ìyẹn kì í ṣe òmìnira rárá. Ọdẹ ni Ògúnlọlá tó tẹ ìlú wa dó, ẹ jẹ́ kí n fi ọdẹ sọ ọ́: bí wọ́n bá jọ lọ dẹ̀gbẹ́, kò sẹ́ni tó ń yan ìbọn fún ọdẹ, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó so mọ́rùn. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kó dúró nídìí igi ìrókò, ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, kò sì gbọdọ̀ yìnbọn kí wọ́n tó fọn fèrè. Build, aṣọ, irú akọni, tirẹ̀ ni. Ìgbà tí ìjà máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó máa gé ọfọ̀, ti ikọ̀ ni, ẹnu ọ̀nà lẹ sì ti máa sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí iná bá ti ń jó yín lẹ́sẹ̀.

Ìwọ olórí, má lo agbára rẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé iṣẹ́ tó ni géèmù yìí ti fojú rí ohun tí agbára olórí máa ń dá sílẹ̀: lọ́dún 2018, nínú àfikún géèmù náà tó ń jẹ́ Battle for Azeroth, wọ́n gba pínpín ẹrù tí boss bá jù sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ olórí pátápátá.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Rogue gé àkọ́kọ́, tank gé ìkejì, rogue tún gé ìkẹta. Méjì yẹn tó, ìwọ àti mage ẹ dúró bí àfidípò. Ẹni tó bá gé, kó pariwo “mo ti gé!” Ẹ gbé mouse sórí bọ́tìnnì àkójọ géèmù, ẹ wo iye tó wà níwájú World (bí ìsọfúnni ṣe ń pẹ́ tó kó tó dé ọ̀dọ̀ géèmù), ẹ máa rí bí hotspot ṣe ń fà yín sẹ́yìn. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù, ẹ má fi í ṣe àkọ́kọ́. N ò sí nínú yàrá yín o, ohun tí mo rí nínú fídíò ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Tí ẹ bá ṣì ń kú, ẹ fi fídíò míì ránṣẹ́, kí n gbọ́ ohùn yín nínú rẹ̀. Fújì nìkan ni mo gbọ́ nínú mẹ́ta tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí.