Ṣé iye ìtọ́kasí tó láti fi díwọ̀n iṣẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì?

Sí akẹ́kọ̀ọ́ Abẹ́òkúta tó béèrè bóyá iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí ìwé ìwádìí onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó láti fi mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wúwo tó: kò tó. Bí òṣùwọ̀n h-index, tí Jorge Hirsch gbé jáde ní 2005, bá jẹ́ 40, onímọ̀ náà ní ìwé 40 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 40, ó kéré tán. Robert Woodward, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1965, ti kú ní 1979 kí òṣùwọ̀n yìí tó dé. Síbẹ̀, òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe reserpine ní yàrá ìwádìí, ní 1956, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó sì wà nínú gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ wa mọ̀ dáadáa. Ní ti E. J. Corey, tó gba Nobel ní 1990, ìwé tí òun àti Venkateswarlu kọ ní 1972, lórí bí a ṣe ń dáàbò bo apá kan mólékù nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lára apá tó kù, ni wọ́n ń tọ́ka sí gan-an, nítorí pé ọgbọ́n iṣẹ́ wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló máa tún mólékù kan náà ṣe.