Òwe mélòó ló yẹ kó wà lójú ìwé ìtàn kan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ nípa ọmọbìnrin kan tó ń ránṣọ ní Muṣin, mo ti kọ ọ́ dé ojú ìwé 40. Àwọn tó kà á ní kò wọ àwọn lára, wọ́n ní Yorùbá mi ò jinlẹ̀. Ẹnì kan tó ń kọ́ni lórí WhatsApp ní kí n san ₦25,000, òun á fún mi ní ẹgbẹ̀rún òwe àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ tí n ó fi tún un ṣe. Ṣé kí n san án? Òwe mélòó ló sì yẹ kó wà lójú ìwé kan? Mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án.

Irú ìbéèrè yìí ò yéé wọlé, láti Muṣin, láti Agége, láti Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta òwe bí ẹni ń ta àgúnmu nínú dánfó sì ti sú mi. Òun ló ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, òun ló ń wo ẹ̀yìn ríro, òun náà ni yóò wo ìtàn tí kò dùn.

Òwe mẹ́sàn-án ni mo kà lójú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Yorùbá yín jinlẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo wá tì níbẹ̀ ni ohun tí ọmọbìnrin yẹn ń fẹ́. Ẹ ti sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹ ti ki oríkì rẹ̀, ẹ ti yin ẹwà rẹ̀, ẹ ní òjò ń rọ̀. A kà á tán, a ò mọ ohun tó jí wá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ò sì mọ ẹni tó fẹ́ dí i lọ́nà. Bí òǹkàwé ò bá ti mọ ìyẹn, kí ló fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì fún?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti òwe. Ẹni tó bá pòwe láàárín wa ní ohun tó ń fi í ṣe: ó ń bẹni, ó ń buni láìdárúkọ, ó ń parí ẹjọ́, tàbí ó ń yẹ ìbéèrè sílẹ̀. Ọjọ́ orí sì wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 19 tó bá pòwe níwájú àgbà á fi “tótó ó ṣe bí òwe o” tì í, àgbà á sì dá a lóhùn pé “wàá rí òmíràn pa.” Lọ́dọ̀ tiyín, ọmọ iṣẹ́ pa òwe mẹ́rin léra wọn fún ọ̀gá rẹ̀ láìtọrọ àyè, ọ̀gá ò bínú, kò tilẹ̀ wòkè. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ aláfojúdi lẹ fẹ́ kọ́mọ náà yà, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀, kí ọ̀gá gbé ìjà kò ó. Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n á ní àwọn àgbà òǹkọ̀wé ńkọ́? Lọ́dún 1929, nígbà tí Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn rẹ̀, lẹ́tà obìnrin aláìsàn kan sí olóòtú ló fi ṣe é. Òwe àti orin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà obìnrin tó ń kábàámọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Àwọn òǹkàwé kan l'Ékòó tiẹ̀ gbà pé ẹni gidi ni.

Ẹ wo bí ojú ìwé yín ṣe lè rí láìsí òwe kankan:

Ìyá Sẹ́gun dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.
“Aṣọ mi ńkọ́?”
“Ẹ kú àárọ̀, mà. Ó ku síìpù.”
“Síìpù náà lo sọ ní Túsìdeè.”
“Wọn ò mú iná wá ni, mà.”
Ìyá Sẹ́gun gbójú sókè. Fáànù ń yí.

Ọ̀kan ń wá aṣọ, èkejì ń wá àyè, irọ́ sì ti tú. Ẹ ó rí i pé “ẹ” ni ọmọbìnrin náà ń lò. Bó bá dé ibi tó ti sọ pé “Ìwọ ńkọ́, o ti san ti àkọ́kọ́?”, “ìwọ” yẹn nìkan ju òwe mẹ́wàá lọ, torí gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, kí ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo òwe. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló ń pa á, fún ta ni, kí ló fẹ́ fi gbà? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ fà á yọ. Èyí tí ẹ̀yin asọ̀tàn ń pa fúnra yín ló kọ́kọ́ ń lọ. Bẹ́ẹ bá fi dandan lé e pé kí n dá iye, ẹyọ kan fún ìran kan, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ kan níbì kan, ìran tí kò sì ní rárá ò ṣẹ̀. Ẹ gbé ọjọ́ ìbí kúrò níwájú. Gbólóhùn kan ti tó o, bó bá yá. Inú orí ẹnì kan ni kí ẹ wà títí ìran á fi parí: bó bá jẹ́ ojú aránṣọ la fi ń wò ó, a ò lè mọ ohun tí Ìyá Sẹ́gun ń rò, àfi ohun tó ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn kà á sókè, kí ẹ gbà á sórí fóònù. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀bi, ẹ má bá a jà.

Ojú ìwé kan péré ni mo rí o. Bóyá ọ̀rọ̀ yàtọ̀ níwájú, n ò sì lè ṣèlérí pé atẹ̀wé kankan á gbà á. N ò tún sọ pé gbájúẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń gbowó kọ́ni. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi bírò ṣàtúnṣe ojú ìwé yín kan. Bó bá kọ̀, ẹ di owó yín mú.

Ohun kan tó tún dùn mí: aránṣọ ni, síbẹ̀ n ò rí téèpù, ṣọ́ọ̀kì tàbí bọ́bìnì lójú ìwé yẹn. Ẹ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ aránṣọ kan ládùúgbò, ẹ jókòó fún wákàtí méjì, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú oníbàárà tó bá ti kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ yí orúkọ, ojúlé àti ìrísí padà kí ẹ tó kọ ọ́. Oníbàárà tó bá dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú ìwé lè pè yín lẹ́jọ́, n ò sì sí níbẹ̀ o.