Résìn Aláwọ̀ Tó Ń Funfun Lábẹ́ Sáńpépà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí ní Iléṣà. Mo da résìn ẹ́pọ́sì (oje kẹ́míkà tó ń le bí ó bá gbẹ) aláwọ̀ dúdú sáàárín pákó tábìlì kan. Ní ọjọ́ kejì mo fi sáńpépà 120 ha á, mo fi 400 tẹ̀ lé e. Pépà ń dí, ojú résìn náà sì funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Ṣé àwọ̀ tí mo rà ni kò dáa?

ÌDÁHÙN: Àwọ̀ yín kò ṣẹ̀ yín. Ẹ ta omi sójú rẹ̀, ẹ wò ó: bí dúdú rẹ̀ bá padà, ipa pépà lásán ni ẹ̀ ń rí.

Pépà tó ń dí fi hàn pé résìn náà kò tíì jinná. Ní wákàtí 24 ojú rẹ̀ lè le, kí inú ṣì rọ̀. Ẹ fún un ní wákàtí 72. Nígbà òjò, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan. Bí èékánná bá ṣì lè fi àmì sí i, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wíwọ̀n hádínà (èròjà tí a ń pò mọ́ résìn kó lè le) tàbí pípò rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó, tàbí kí àwọ̀ pọ̀ jù (gíráàmù 5 nínú 100 résìn ti tó). Ẹ ha ìyẹn kúrò, kí ẹ da òmíràn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pépà ha résìn tó ti jinná, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ olómi máa ń mú nǹkan bí ọ̀rá jáde sójú résìn.

Ní ti funfun náà: bí nọ́ńbà pépà bá ṣe pọ̀ tó ni yanrìn rẹ̀ ṣe kúnná tó. 120 gbẹ́ kòtò sílẹ̀, 400 kò lè dé ìsàlẹ̀ kòtò yẹn. Ẹ padà sí 120, kí ẹ wá tẹ̀ lé e ní 180, 220, 320, 400, 600, 800, 1000, 1500, 2000. Ẹ má fo ọ̀kankan. Bí ẹ bá fi 220 ha á ní gígùn, ẹ fi 320 ha á ní ìbú, títí ipa ti àkọ́kọ́ á fi pòórá. Ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò, omi a máa bo ipa mọ́lẹ̀. Láti 320 lọ, wọ́tà-pépà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò ni kí ẹ lò, pẹ̀lú omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ omi ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà: ẹyọ yanrìn 220 kan ṣoṣo nínú omi 1000, ẹ ó tún iṣẹ́ ṣe ni. Pákó tí kò ní fáníìṣì, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, yóò wú.

Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ooru a máa sọ résìn di rírọ̀. Rọ́bìn kọ́ńpáùn (ìpara tí a fi ń mú ojú rẹ̀ dán) àti fóòmù ló kẹ́yìn. Ẹ lo ìbòmú, ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

ÌBÉÈRÈ: Ìlẹ̀kẹ̀ résìn aláwọ̀ sẹ̀gi ni mò ń ṣe n'Ílé-Ifẹ̀, mo ń fi ìyẹ̀fun maíkà (òkúta tó ń dán) sí i. Mo fi pépà ha á tán, dídán maíkà lọ.

ÌDÁHÙN: Pépà ti gé àwọn ewé maíkà tó wà lójú rẹ̀ ni. Ẹ fi 220 ha á, ẹ nù ún mọ́, ẹ da résìn tí kò láwọ̀ lé e ní mìlímítà 1, kó jinná. Ìyẹn ni kí ẹ dán. Bí ihò kéékèèké bá wà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kí ẹ tó dí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò funfun lábẹ́ rẹ̀ títí láé.