Kí ló dé tí Python fi ń sọ pé "No module named 'requests'" nígbà tí mo ti fi pip gbé e wọlé?

Ó sábà máa ń jẹ́ pé Python tí pip gbé requests fún kọ́ ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Python lè ju ẹyọ kan lọ lórí kọ̀ǹpútà kan, kálukú ló sì ní fódà tirẹ̀.

Ẹ tẹ `python -m pip install requests`, kó lè wọ inú èyí tí ẹ ń lò gan-an. Lórí Linux àti Mac, `python3` ni ẹ máa kọ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Jupyter (ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kọ kóòdù Python nínú bíráwúsà) lẹ ń lò, `%pip install requests` ló yẹ. Tí ẹ bá ń lo venv (àyíká Python tó dá dúró fún iṣẹ́ kan), ẹ kọ́kọ́ tan án ná.

Àmọ́ nígbà míì, orúkọ tí ẹ fún pip ló yàtọ̀ sí èyí tí ẹ máa kọ sínú kóòdù: `opencv-python` lẹ máa fi pip gbé wọlé, `import cv2` lẹ máa kọ sínú kóòdù.