Ta ló ni ọ̀nà yìnyín àríwá Kánádà, kí sì ni ọkọ̀ ogun lè ṣe sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé Kánádà ti kan ọkọ̀ ogun mẹ́fà tó ń fọ́ yìnyín nítorí àríwá rẹ̀. Amẹ́ríkà ní ọ̀nà omi tó gba ibẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń pè ní Northwest Passage, kì í ṣe ti Kánádà nìkan. Ṣé ọkọ̀ mẹ́fà lè dí ọ̀nà náà mọ́ wọn? Bí ilé-iṣẹ́ epo ilẹ̀ òkèèrè bá sì fẹ́ wọ ibẹ̀, kí ló ń dá wọn dúró?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Wọn ò kan ọkọ̀ wọ̀nyẹn láti dínà. Ìbọn ńlá kan ṣoṣo tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mílímítà 25 ni. Ó tó fi dá ọkọ̀ apẹja tàbí ọkọ̀ ẹrù dúró, kò tó fi bá ọkọ̀ ogun jà. Iṣẹ́ wọn ni kí onílé máa hàn nínú ilé rẹ̀, ohun tí ìyẹn sì wúlò fún wà nínú ẹjọ́ náà gan-an.

Amẹ́ríkà kò bá Kánádà du àwọn erékùṣù náà. Omi àárín wọn, tó so Àtìláńtíìkì pọ̀ mọ́ Pàsífíìkì, ni wọ́n ń jà lé lórí. Kánádà ní omi inú ọgbà òun ni. Amẹ́ríkà ní ọ̀nà ọba ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó gbà á. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ọba, òfin òkun gbà kí ọkọ̀ abẹ́ omi gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ọkọ̀ òfurufú ogun sì fò kọjá lókè, láìsọ fún onílé. Láti ìgbà ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ àgbáyé lórí ọ̀nà omi Corfu ní 1949, ohun méjì ni wọ́n fi ń dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀: ṣé ó so òkun méjì pọ̀, ṣé ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì ń gbà á ní tòótọ́? Ti àkọ́kọ́ kò ní àríyànjiyàn. Ti kejì ni gbogbo ìjà wà. Ẹni tó bá ń wo àwọn èèyàn níran bí wọ́n ṣe ń gba ojúde rẹ̀ bí ẹ̀bùrú, tí kò bi wọ́n léèrè, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀nà ọba.

Epo ló sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí epo ní Prudhoe Bay ní Alaska ní 1968. Ní 1969, ilé-iṣẹ́ Humble Oil rán Manhattan, ọkọ̀ agbépo ràgàjì kan, gba àárín yìnyín lọ, láti wò ó bóyá ibẹ̀ ṣeé gbé epo gbà. Agbá epo kan péré ló gbé bọ̀, fún àmì. Ọkọ̀ Kánádà kan, John A. Macdonald, ló ń bá a rìn, tó ń yọ ọ́ nígbà tó bá há. Páìpù ni wọ́n padà fi gbé epo Alaska, láti 1977, ṣùgbọ́n Kánádà ti ta gìrì. Ní 1970 ó ṣòfin ìdènà ìdọ̀tí tó nasẹ̀ dé 100 máìlì òkun sí etíkun rẹ̀. Nígbà tí Polar Sea, ọkọ̀ afọ́yìnyín Amẹ́ríkà, tún kọjá ní 1985 láìtọrọ àyè, Kánádà fa ìlà yí gbogbo erékùṣù àríwá rẹ̀ ká, láti fi sọ pé tòun ni omi inú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti January 1, 1986. Ní 1988 àwọn méjèèjì wá fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ afọ́yìnyín Amẹ́ríkà yóò máa gba ìyọ̀ǹda, láìfi ìyẹn ba ẹjọ́ ẹnì kankan jẹ́. Lójú tèmi, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san, bí wọn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ ìṣòwò, ìwé ló ń dá wọn dúró, kì í ṣe ìbọn. Láti July 2010, ọkọ̀ tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ròyìn kó tó wọlé: ibi tó ń lọ, ẹrù rẹ̀, epo inú rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe le tó sí yìnyín. Lẹ́yìn náà yóò máa sọ ibi tó wà lójoojúmọ́. Abala 234 nínú òfin òkun àgbáyé ló ti èyí lẹ́yìn. Ihò kan wà níbẹ̀: abala 236 yọ ọkọ̀ ogun kúrò. Ọkọ̀ ogun àlejò kò jẹ́ Kánádà ní ìròyìn kankan lábẹ́ òfin yẹn, ìdí rèé tó fi yẹ kí Kánádà fúnra rẹ̀ ní ojú lórí omi.

Ẹ wá wo ọkọ̀ náà. Ó gùn tó mítà 103, àwọn atukọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65. Ìpele líle rẹ̀ sí yìnyín ni 5, nínú ètò kan tí 1 ti le jù, tí 7 rọ̀ jù. Ó lè la yìnyín ọdún kan tó nípọn tó mítà kan, bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn. Yìnyín àtijọ́ ló ń dẹ́rù bà á, torí iyọ̀ ti ṣàn kúrò nínú rẹ̀, ó ti gan bí òkúta. Nítorí náà ọkọ̀ ìgbà ooru ni, kò lè lo ìgbà òtútù níbẹ̀. Nanisivik, ibùdó epo tí wọ́n kéde fún un ní 2007, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn táǹkì rẹ̀ kò ní ohun tó ń mú epo gbóná, kò sì ṣeé lò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lọ́dún.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Àwòrán ọkọ̀ Svalbard ti Nọ́wè ni wọ́n rà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ní 2013 wọ́n tún fún ilé-iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ní Halifax ní mílíọ̀nù 288 láti ṣe àwòrán yẹn ní tiwọn. Ìdí ni pé ètò ìjọba ti 2010 ní ilé ni kí wọ́n ti kàn án, kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílé. Òṣèlú ni, kò sì burú tán, torí orílẹ̀-èdè tí kò mọ ọkọ̀ kàn kò ní mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àmọ́ Svalbard lè yí àjẹ̀ ìdí rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tì í lọ, sí ibi tó bá wù ú. Ti Kánádà dúró lójú kan, ìyẹn sì ń ni ín lára láti yí padà nínú yìnyín.

Ní ti àwọn elépo, ní December 2016 Kánádà dáwọ́ ìwé àṣẹ tuntun dúró nínú òkun àríwá rẹ̀, ó sì dá iṣẹ́ lórí àwọn tó wà tẹ́lẹ̀ dúró ní 2019. Bí ìjọba bá yí padà, ó lè ṣí i. Ibi tó ṣì gbóná ni Òkun Beaufort: Kánádà ní ààlà inú òkun tẹ̀lé ìlà 141, ìlà àwòrán ilẹ̀ tó ya Alaska sọ́tọ̀ kúrò lára Kánádà lórí ilẹ̀, Amẹ́ríkà ní ó yẹ kó yà sí apá Kánádà. Nǹkan bíi kìlómítà 21,000 níbùú lóròó ló wà láàárín ìlà méjèèjì, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lórí pípé tí yóò gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ ẹjọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ Kánádà kò tilẹ̀ gba epo. Ìwé àdéhùn Nunavut ti 1993, tí Kánádà bá àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá náà, ṣe, sọ ọ́ kedere pé bí àwọn Inuit ṣe ń lo omi wọ̀nyẹn tí wọ́n sì ń gbé e ń ti àṣẹ Kánádà lórí rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ló ti ń dọdẹ lórí yìnyín náà kí Ọtáwà tó wà.